Ìdoríkodò Lẹ́yìn Oògùn Ìrora

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ ní alẹ́ òní jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ń bò mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìta nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó kan bàbá àgbẹ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn; ó kan ìyá oníṣòwò tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún; ó kan awakọ̀ tí ó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́; ó sì kan ọmọ tí a bí pẹ̀lú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni dókítà lè kọ oògùn ìrora alágbára fún, tí wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní ìlò ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí oògùn náà yóò dópin. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn ènìyàn ní ọjọ́ náà, àti ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ, nítorí kì í ṣe ẹnì kan pàtó; àfinúrò ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Awakọ̀ ni, ní àdúgbò Tákíé. Ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, eegun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n tò ó, wọ́n sì fún un ní tramadol kí ó lè fara da ìrora. Ní oṣù kìíní, oògùn náà ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹta, eegun ti ń jinná, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti ń ra oògùn náà fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, ó sì ń fi kún un. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní oṣù kẹfà, ó pinnu pé òun jáwọ́. Ó da gbogbo èyí tí ó kù nù ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ń gbọ̀n, ó ń làágùn, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ìyàwó rẹ̀ sì rò pé ibà ni. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹwàá, ara balẹ̀, gbogbo ilé sì ń dúpẹ́.

Ìgbà náà gan-an ni ohun mìíràn dé. Ẹni tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń dojú kọ ògiri láti àárọ̀ di alẹ́. Kò fẹ́ gbọ́ rédíò, kò fẹ́ bá ọmọ ṣeré. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, oorun kò sì kùn ún. Ìyá rẹ̀ ní àwọn ayé ni ó ń ṣe é. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Òun náà gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò wúlò mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó tún padà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì.

Kí ni ó dá a padà? Kì í ṣe ìrora ẹsẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ti jinná. Kì í ṣe ìgbọ̀n tàbí ìgbẹ́ gbuuru, nítorí wọ́n ti lọ. Ìdoríkodò ni ó dá a padà, nítorí kò sí ẹni tí ó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé yóò dé, kò sì sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó dé. Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí: ìdoríkodò tí ó ń tẹ̀lé oògùn ìrora jẹ́ apá kan nínú ọ̀nà ìwòsàn. Kì í ṣe àbùkù ìwà, kì í sì í ṣe àmì pé ènìyàn kò lè sàn mọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè la inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ni ó máa ń sá padà.

Irú oògùn tí à ń bá wí

Kì í ṣe gbogbo oògùn ìrora ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Alábùkún tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí Jacob Odùlátẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1918, aspirin àti caffeine ni ó wà nínú rẹ̀. Paracetamol náà wà lọ́tọ̀. Wọ́n ní ewu tiwọn bí a bá ṣì wọ́n lò, ṣùgbọ́n wọn kì í de ọpọlọ ènìyàn lókùn ní irú ọ̀nà tí à ń sọ yìí.

Àwọn tí à ń bá wí ni ìran oògùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní opioid. Morphine ni baba ńlá wọn, oje òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní poppy ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Codeine, tí wọ́n máa ń fi sínú oògùn ikọ́ olómi, jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Pentazocine, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Fortwin, ni wọ́n sábà máa ń gún fún àwọn tí ìrora fòníkú-fọ̀ladìde bá kì mọ́lẹ̀. Èyí tí ó wá gbajúmọ̀ jù láàárín wa ni tramadol. Ilé iṣẹ́ Grünenthal ní orílẹ̀-èdè Jámánì ni ó ṣe é, ó sì di títà níbẹ̀ ní ọdún 1977.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀ tó kò ṣe é fi ojú kékeré wò. Ìwádìí ńlá kan wà tí àjọ tí ń rí sí ètò ìṣirò ní Nàìjíríà àti àjọ UNODC ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ó fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ní Nàìjíríà ni wọ́n ti lo irú oògùn wọ̀nyí ní ìlòkulò láàárín ọdún kan. Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, nígbà tí a bá ka gbogbo irú oògùn tí a ń lò ní ìlòkulò pọ̀, ó ju ẹnì kan nínú ènìyàn márùn-ún lọ láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láti 15 sí 64. Agbègbè wa ni ó ga jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọ́n fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ tí codeine wà nínú rẹ̀ àti kíkó o wọ ìlú. Ṣùgbọ́n òfin lè ti ilẹ̀kùn àbáwọlé. Kò lè wo ẹni tí ó ti wà nínú ilé sàn. Ní ọjọ́ tí oògùn kan bá wọ́n lọ́jà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìjáwọ́ òjijì yóò bá láìmúra sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni a gbọ́dọ̀ rántí.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ara ènìyàn ní oògùn ìrora tirẹ̀. Ní ọdún 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Aberdeen ní Scotland, fi hàn pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ a máa pèsè àwọn èròjà kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ bíi morphine. Àwọn èròjà báyìí wà lára ohun tí ń mú kí ìrora rọlẹ̀, kí oúnjẹ dùn lẹ́nu, kí ẹ̀rín ọmọdé sì mú inú wa dùn.

Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ náà wé kànga àgbàlá. Bí abomi kan bá ń gbé omi wá fún wa lójoojúmọ́, tí omi náà pọ̀ ju èyí tí a nílò lọ, a kò ní fa omi kànga mọ́. Ewé yóò já sí i, iyanrìn yóò dí ojú ìsun rẹ̀. Ní ọjọ́ tí abomi kò bá wá mọ́, òùngbẹ yóò gbẹ gbogbo ilé. Kànga náà kò gbẹ títí láé. Ó dí ni. Bí a bá gbẹ́ ẹ, omi yóò tún sun, ṣùgbọ́n kò ní kún ní ọjọ́ kan. Ìdoríkodò tí à ń sọ ni àkókò tí ó wà láàárín ọjọ́ tí abomi lọ àti ọjọ́ tí kànga tún kún.

Tramadol tilẹ̀ tún ní ọ̀nà kejì. Yàtọ̀ sí pípa ìrora, ó máa ń mú kí èròjà serotonin àti noradrenaline pẹ́ sí i nínú iṣẹ́ wọn nínú ọpọlọ. Ọ̀nà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ìdoríkodò ń gbà ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá já tramadol sílẹ̀ lójijì ń pàdánù ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò yani lẹ́nu pé ojú ayé ṣókùnkùn mọ́ ọn. Nínú àwọn mìíràn, ẹ̀rù òjijì a máa bò wọ́n, ọkàn wọn a dàrú, wọn a sì máa rí ohun tí kò sí.

Ìpele méjì ni ìyà náà ń gbà wá, ó sì yẹ kí a mọ̀ wọ́n sọ́tọ̀. Ìpele ara ni ó ń ṣáájú. Fún àwọn oògùn tí kì í pẹ́ lára, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 8 sí 24 lẹ́yìn ìlò ìkẹyìn, a sì máa tó ọjọ́ 4 sí 10. Imú ń da omi, ojú ń ṣe omijé, ènìyàn ń yán, inú ń lọ́, èébì ń gbé e, eegun ń ro ó, ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó sùn. Ìpele ọkàn ni ó ń tẹ̀ lé e: oorun kò wá dáadáa, kò sí ohun tí ó dùn, ọkàn sì ń fà sí oògùn náà. Èyí lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, ó lè gba oṣù mélòó kan. Ní ìpele kìíní, gbogbo ilé máa ń pé yí aláìsàn ká. Ní ìpele kejì, nígbà tí ó nílò wọn jù, wọ́n ti túká.

Èdè tí a fi ń pè é

Iṣẹ́ mi jẹ mọ́ èdè, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Ìbànújẹ́ ni ti ẹni tí ohun búburú ṣẹlẹ̀ sí. Ó mọ ohun tí ó ń sunkún rẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ni ti ẹni tí ó gbìyànjú tí kò bọ́ sí i. Bí ó bá rí ìyànjú, ó lè tún dìde. Ṣùgbọ́n ìdoríkodò, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìsoríkọ́, ju méjèèjì lọ. Orí ni ó dà kodò, orí ni ó so kọ́. Ẹ kíyèsí i pé àwọn baba wa kò sọ pé ìwà ni ó bàjẹ́, wọn kò sì sọ pé ọwọ́ ni ó lẹ. Orí ni wọ́n dárúkọ. Àwọn oníṣègùn òde òní náà sì ń sọ fún wa pé inú orí ni iṣẹ́ náà wà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni bárakú. Nígbà tí ohun kan bá mọ́ ènìyàn lára tí kò lè fi sílẹ̀, a ó ní ó ti di bárakú. Lójú ẹni tí ó bá tú u palẹ̀, ó dà bí ohun tí yóò bá ara kú. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń lò ó bí ìdájọ́: ‘Ó ti di bárakú fún un, kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́.’ Ìmọ̀ kò gbè sẹ́yìn ìdájọ́ yìí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni oògùn ìrora ti di bárakú fún rí, tí wọ́n sì ti fi í sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń tọ́ ọmọ. Bárakú yìí kì í bá ara kú dandan.

Ọ̀nà tí a lè gbà là á kọjá

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ènìyàn má ṣe já oògùn náà lójijì fúnra rẹ̀ bí ó bá ti lò ó pẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni a ń sọ̀ kalẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, àjọ FDA tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn dókítà pé gígé oògùn wọ̀nyí lójijì ti kó àwọn aláìsàn sínú ìyà ńlá, títí dé orí pípa ara ẹni. Ìlànà tí àjọ CDC ti orílẹ̀-èdè náà gbé jáde ní ọdún 2022 sọ pé fún ẹni tí ó ti lo oògùn náà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdínkù ìdá kan nínú mẹ́wàá lóṣù, tàbí kí ó tilẹ̀ lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni ara sábà máa ń gbà jù. Dókítà ni yóò ṣírò èyí. Kí aláìsàn sì sọ òótọ́ iye tí ó ń lò, nítorí ìṣirò tí a gbé ka orí irọ́ lè pa ènìyàn lára.

Èkejì, kí a múra sílẹ̀ de ìdoríkodò náà kí ó tó dé. Kí aláìsàn àti ẹni tí ó sún mọ́ ọn jọ jókòó, kí wọ́n fi àmì sí kàlẹ́ńdà, kí wọ́n sì sọ fún ara wọn pé: ‘Láàárín ìgbà yìí, ojú ọ̀run yóò ṣú. Ohun yòówù tí ọkàn bá sọ fún wa nípa ara wa ní àkókò náà, a kò ní gbà á gẹ́gẹ́ bí òótọ́.’ Òjò tí a ti rí ìṣúdẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kì í bá ènìyàn lójijì.

Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú ara. Bí inú bá ń ṣu, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa láti ìgbà pípẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sàn ju kí a fi ipá jẹ ẹbà. Kí ènìyàn máa jí ní àkókò kan náà láràárọ̀, ìbáà jẹ́ pé kò sùn. Kí ó jáde kí oòrùn àárọ̀ kàn án lára, kí ó rìn dé ìkóríta kí ó sì padà. Ìrìn yìí kò ní dùn mọ́ ọn ní ọjọ́ kìíní, kò sì pọn dandan kí ó dùn. Gbígbẹ́ kànga ni.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe fi oògùn kan rọ́pò òmíràn. Ọtí, paraga àti oògùn oorun bíi diazepam máa ń tan ọkàn jẹ ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì lè dá èémí dúró bí wọ́n bá pàdé opioid nínú ara. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má ra oògùn ìdoríkodò fúnra rẹ̀, nítorí àwọn kan nínú wọn kì í bá tramadol gbé láìfa ewu.

Ẹ̀karùn-ún ni ìrora fúnra rẹ̀. Ìrora tí ó mú kí a lo oògùn lè má tíì tán. Kí dókítà wá ọ̀nà mìíràn: paracetamol, tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju hóró 8 oní-500 mg lọ láàárín wákàtí 24, aṣọ gbígbóná, ìdárayá tí ń mú iṣan lókun lábẹ́ ojú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ní ti àwọn tí wọ́n ní fòníkú-fọ̀ladìde, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa yékéyéké. Ìrora wọn kì í ṣe eré. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kígbe fún abẹ́rẹ́, kí a má ṣe kọ́kọ́ fi ojú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún wò ó. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù oògùn àti ẹni tí a fi oògùn dù, ìyà kan náà ni ó ń jẹ wọ́n. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí a tọ́jú ìrora náà, kí a sì máa ṣọ́ ìlò oògùn náà pẹ̀lú.

Bí ojú bá ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí ohunkóhun kò dùn mọ́ni, tí oorun àti oúnjẹ yí padà, tí ènìyàn ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ṣáá, kí a má ṣe dúró mọ́ kí ó kọjá fúnra rẹ̀. Ìdoríkodò náà ti di àìsàn tí ó nílò ìtọ́jú tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tí ó mọṣẹ́, ìbáà jẹ́ oògùn, ìbáà jẹ́ méjèèjì. Ìlú wa kò ṣàìní ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ níhìn-ín ní 1907 di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen ní 2009. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni LAUTECH náà wà láàárín ìlú. Kí a béèrè níbẹ̀, wọn yóò tọ́ wa sọ́nà.

Iṣẹ́ ará ilé

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. ‘Ṣé o ti tún gbé e mì?’ ọfà ni. ‘Ẹgbẹ́ rẹ ń ṣiṣẹ́, o jókòó,’ ọfà ni. Ìyàwó tí ó ní, ‘Bàbá Táíwò, mo mọ̀ pé ara yín kò tíì bọ̀ sípò. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí a jọ rìn dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alákàrà kí a tó jẹun,’ obì ni ó yọ. Kí ẹnì kan nínú ilé máa tọ́jú oògùn tí dókítà fún un, kí ó máa bù ú fún un ní ìwọ̀n, láìfi ṣẹ̀sín.

Ní ọdún 1954, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ọpọlọ ní Arò ní Abẹ́òkúta, ó ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń padà sí àárín àwọn ará abúlé. Gbogbo àgbáyé wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Òye Lambo ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ dá wà.

Ó ṣeni láàánú pé àwọn kan ṣe òdì kejì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní ilé kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ní àwọn ti ń tún ìwà ènìyàn ṣe. Kò sí ẹni tí ó ní kí a má gbàdúrà, kí a má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n pàṣán kì í wo orí tí ó dà kodò sàn, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kì í gbẹ́ kànga. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 láti fi rọ́pò òfin àtijọ́ lórí àwọn wèrè, ti fi ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn wọ̀nyí lélẹ̀.

Ikú kò yá

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ni mo fi sẹ́yìn. Nínú ìdoríkodò yìí, àwọn kan máa ń ronú àtikú. Ilẹ̀ Yorùbá sì ní òwe kan tí ó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà: ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe àwọn ọba àti àwọn balógun ni, àwọn tí wọ́n dá májẹ̀mú pẹ̀lú ìlú, tí wọ́n sì ń ṣọ́ iyì oyè wọn. Wọn kò pa á fún aláìsàn. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀sín. Eegun tí ó ṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀sín. Orí tí ó dà kodò nítorí oògùn tí ó kúrò lára kì í ṣe ẹ̀sín. Òwe tí ó kàn wá níbí ni èyí tí ó sọ pé àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.

Bí ẹnìkan bá ń sọ pé ayé sú òun, tí ó ń pín ẹrù rẹ̀ fúnni, tàbí tí ó ń dágbére láìlọ ibì kankan, ẹ bi í léèrè gbangba: ‘Ǹjẹ́ ó ti ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ kú?’ Ìbéèrè náà kì í gbin èrò ikú sí ọkàn ẹni. Ó máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó oògùn, ìpakòkòrò oko àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru.

Ewu kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹni tí ó ti jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ kò lè gbé iye tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá padà sí ìwọ̀n àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè kú lójú oorun. Bí a bá bá ẹnìkan tí kò ṣe é jí, tí èémí rẹ̀ ń lọ́ra, tí ẹyinjú rẹ̀ sún kì bí orí abẹ́rẹ́, kí a má ṣe da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, nítorí yóò há a lọ́fun. Kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí a sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn kan wà tí a ń pè ní naloxone tí ó lè dá èémí padà bí a bá tètè débẹ̀.

Ẹni tí ó bá sì tún ṣubú padà, kí a má ṣe sọ pé gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ọmọdé tí ń kọ́ ìrìn a máa ṣubú, ìyá rẹ̀ a sì tún gbé e dìde. Kí ó padà sí ọ̀dọ̀ dókítà, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú òkùnkùn yìí lálẹ́ òní, tí ẹ ń wò wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹ sọ fún ẹnì kan kí ẹ tó sùn. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì sọ fún, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó dáhùn. Bí ó ti wù kí òru gùn tó, ilẹ̀ yóò mọ́. Ó dàárọ̀ o.